Ọ̀sẹ̀ Tí Yèyé Gbé Máṣíìnì Wọn Jáde

Lọ́jọ́ tí a sin Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, àlùfáà ìjọ wa ní Ìlọ́fà dúró níwájú pósí, ó ní ìyá jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ìyá tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wojú mi, ó sì yára wolẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àlùfáà yìí kan náà ni Yèyé bá jà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àkókò ti lọ, ó bá fo ẹsẹ mẹ́ta. Yèyé tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀lé e nínú Bíbélì tiwọn gbórí sókè. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ẹni tó kọ ọ́ mọ ìdí tó fi kọ ọ́ síbẹ̀."

Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. N kò fẹ́ kí ikú sọ wọ́n di ẹlòmíràn.

Aṣọ ni Yèyé ń rán, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ pàápàá. Láti Ìlọ́fà títí dé Òsì, kò sí ilé ìwé tí ọmọ kan kò wọ aṣọ tí wọ́n rán rí. Ìyá Aránṣọ ni ìlú ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀wé kà títí wọ́n fi lé ní ogójì ọdún. Ẹlòmíràn ló máa ń ka ìwọ̀n aṣọ fún wọn láti inú bébà. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ń kà á ka ìkàkúkàá, Yèyé sì gé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ kúrú. Ìyàwó náà sunkún, ìyá ìyàwó bú Yèyé láàárín ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Yèyé wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, níbi tí wọ́n ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, tí orúnkún wọn sì ń kan tábìlì. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Yèyé dá wọn lóhùn pé, "Ojú tèmi ni mo fẹ́ máa fi ríran."

Lẹ́yìn Bíbélì àti ìwé orin, ìwé kìíní tí Yèyé kà tán ni Òkè Ìkùukùu. Ìwé mẹ́rin ni, ní èdè Yorùbá, nípa ìlú kan tó wà lókè àwọsánmà, àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Oyèṣọlá tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú náà pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀ tó yarọ. Ìwé náà ti gbó kí a tó bí mi. Nígbà tí a bá ti Ìlọrin wá lo ọlidé, Yèyé á kó wa jọ sí iyàrá ìránṣọ, wọ́n á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa kà á fún wa. Ohùn ìwé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, ohùn Ìlọ́fà á bọ́ sí i: ilé á di ulé, iṣu á di uṣu. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n fo ibi tí wọ́n ti ń dáko, kí wọ́n bọ́ síbi ogun. Wọ́n ṣí ìwé padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí náà, wọ́n tún un kà látòkè. "Ìwé kì í ṣe ọbẹ̀," ni wọ́n wí, "tí ẹ óò máa ṣa ẹran inú rẹ̀ jẹ."

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó sọ Òkè Ìkùukùu di géèmù orí fóònù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò rí ìwé náà rí ló mọ Oyèṣọlá láti inú géèmù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé iṣẹ́ kan tún ní àwọn fẹ́ fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gba òǹkọ̀wé márùn-ún. Èmi jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí mo pe Yèyé láti sọ fún wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n wá ní, "Fọlákẹ́, tọ́jú ẹ̀ fún mi."

Ní aago mẹ́rin ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni eré náà ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Pálọ̀ Yèyé ní sólà, nítorí náà ibẹ̀ ni ìdajì àdúgbò ń wá. Yèyé á jókòó síwájú pátápátá, wọ́n á sì máa bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn. Lẹ́yìn apá kìíní, wọ́n pè mí.

"Ẹsẹ̀ wo ni ẹṣin yẹn fi ń tiro?"

"Ẹsẹ̀ iwájú, Yèyé."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, lápá òsì. Ó wà nínú ìwé kejì."

Mo ṣàlàyé pé ẹṣin tí a rí yá, ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n kọ́ ọ láti máa fi tiro. Yèyé ronú sí i. "Ẹ bá mi sọ fún ẹṣin yẹn pé kó lọ kàwé."

Ẹni tó ń bá wọn jiyàn jù lọ ni Bámidélé, tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa ní òdìkejì títì. Kò ka ìwé náà rí, ṣùgbọ́n ó ti ń gbá géèmù náà fún ọdún méje. Òun ló máa ń gbé bẹ́ǹṣì tirẹ̀ wá. Nínú géèmù, Oyèṣọlá mú ọ̀kọ̀; nínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ohùn rẹ̀ ló fi ń lé ọ̀tá padà. Nínú eré tí a ṣe, a fún un ní ọ̀kọ̀. Inú Tíṣà dùn gan-an. Yèyé ní, "Bámidélé, ẹni tó bá ní ohùn kì í wá ọ̀kọ̀."

Mo ń sún ọ̀rọ̀ tó kàn síwájú, mo mọ̀. Ojú ń tì mí.

Èmi ni mo ní kí Oyèṣọlá kú. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. A jókòó yí tábìlì ká, à ń wá ohun tí apá kẹfà máa jẹ́, ọ̀gá wa sì ní òun fẹ́ nǹkan tí àwọn òǹwòran kò ní gbàgbé. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó kú lẹ́nubodè." Ọ̀gá wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní èmi ni kí n kọ ọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo ra adìyẹ díndín lọ sílé. N kò sọ fún Yèyé.

Ọjọ́bọ̀ ni apá kẹfà kọ́kọ́ jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Ìsinmi. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi ti ń gbọ̀n lórí tábìlì láìdáwọ́ dúró. Àwọn tó ka ìwé ń bínú, àwọn tó ń gbá géèmù ń bínú jù wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún gbọọrọ nínú àwọ̀ Oyèṣọlá. Lákọ̀ọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń bú. Lẹ́yìn náà ẹnì kan rí orúkọ mi ní òpin eré. Ẹnì kan kọ ọ́ pé kí ọwọ́ tó kọ ọ́ rọ. Ẹlòmíràn béèrè pé, àdúgbò wo ni mò ń gbé? Ẹnì kan dá a lóhùn, ó sì sún mọ́ òótọ́ jù. Mo kó aṣọ mẹ́ta sínú báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo sì gbabẹ̀ wọ òmíràn lọ sọ́dọ̀ Yèyé. Láti Òmù-Àrán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Bí a ṣe ń rìn lójú ọ̀nà yẹn nísinsìnyí nìyẹn, gbogbo èèyàn ń wo igbó nítorí àwọn ajínigbé. Èmi nìkan ni n kò wo igbó. Fóònù ni mò ń wò.

Mo sọ fún Yèyé pé mo wá sinmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ronú láti sọ pé orí ń fọ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn fún mi. Wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń wọlé pé, "Ọmọ mi tó kọ ọ́ ti dé." Mo jókòó. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré fẹ́ sọ kí ẹnu wọn tó là. Mo ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí Oyèṣọlá jáde sí ẹnubodè, Yèyé di apá mi mú, nítorí wọ́n rò pé ohùn ló fẹ́ lò níkẹyìn. Ọfà bà á. Ó ṣubú. Kò dìde.

Ọwọ́ Yèyé kúrò lápá mi.

Tíṣà dìde, ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjì tó jókòó sórí rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ó jáde láìkí ẹnì kankan. Yèyé kò mira. Wọ́n jókòó títí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùnkè lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n na ìka wọn sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìwé, wọ́n ń tẹ̀lé e. Orúkọ mi ló dá wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, ẹni tó kọ apá yìí. Yèyé kà á síta, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, orúkọ mi àti ti bàbá mi. Wọ́n wá lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, àwọn fúnra wọn kò jẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ìdákẹ́ yẹn ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo èébú orí fóònù lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwòrán ilé Yèyé jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí i bẹ́ẹ̀, gedegbe: ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, igi gúáfà, dúrọ́ọ̀mù omi aláwọ̀ búlúù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ibi tó sá sí nìyí, Ìlọ́fà." Àwọn èèyàn ti ń pín in kiri. Ẹnì kan ní òun ò jìnnà síbẹ̀. Mo lọ bá Yèyé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọn ò gbójú sókè. "Kà wọ́n fún mi."

"Èébú ni, Yèyé."

"Mo ní kí o kà wọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọwọ́ wọn ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ikú Oyèṣọlá kò nítumọ̀, ó kàn wà láti dẹ́rù bani. Yèyé ní, "Ìyẹn sọ òótọ́. Tẹ̀ síwájú." Ẹnì kan ní ẹni tó kọ ọ́ kò ka ìwé náà rí. Wọ́n dúró. "Irọ́ nìyẹn. Èmi ni mo kà á fún ọ." Mo ka ti ẹni tó ní kí ọwọ́ mi rọ. Wọ́n ní, "Ẹni yìí ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ eré." Nígbà tí mo dé orí àwòrán, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dúrọ́ọ̀mù yìí sábẹ́ gúáfà," ni wọ́n wí. Wọ́n yí fóònù díẹ̀. "Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bámidélé ni wọ́n ti ya eléyìí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí Tíṣà tó lọ sí ilé ìwé, Yèyé mú mi kọjá sí òdìkejì títì. Tíṣà rí wa, ó sì mọ̀. Kò sẹ́. Ó ní kí a jókòó, Yèyé ní àwọn á dúró.

"Kí ni mo ṣe fún ọ, Bámidélé?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi, mà."

"Kí ló wá dé?"

Ó ní àbúrò òun obìnrin, Dúpẹ́, tó ṣàìsàn títí tó fi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun àti rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbá géèmù náà ní ọsibítù ní Ìlọrin. Oyèṣọlá ni Dúpẹ́ máa ń jẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òun ṣì máa ń ṣí i lórí fóònù rẹ̀ nígbà mìíràn, kí òun kàn lè rí i tó dúró lẹ́nubodè. "Mo mọ̀ pé eré ni, mà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣubú, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́."

N kò lè wo ojú rẹ̀. Ní Èkó, mo ti sọ fún ara mi pé àwọn tó ń bínú kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni.

Yèyé ní, "Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí. Àmọ́ ulé mi lo fi han aráyé." Wọ́n nàka sí mi. "Fọlákẹ́ pa ẹni tí kò sí. Ìwọ ní kí wọ́n wá bá ẹni tó wà."

Tíṣà yọ àwòrán náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níṣojú wa. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìlọrin, ó ní kí àwa méjèèjì kúrò nílé kíá. Láyé tí a wà yìí, àlejò tí a kò mọ̀ ti tó ohun tí ìlú wa fi ń ti ilẹ̀kùn, ká má tíì sọ àlejò tó ń bínú. Yèyé gbọ́ ọ tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pa fóònù. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé máṣíìnì ìránṣọ jáde.

Iyàrá ni máṣíìnì yẹn ti wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. A gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí iwájú ilẹ̀kùn gan-an, débi pé kò sẹ́ni tó lè wọlé láì jẹ́ pé Yèyé dìde fún un. Láti ọjọ́rú, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èmi wà nínú ilé. Bí ọ̀kadà bá dẹwọ́ eré níwájú ilé, máṣíìnì á dákẹ́. Ìgbà tí mo bá gbọ́ máṣíìnì tó ń dún padà ni mo tó ń mí. Mo ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé." Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá dé, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí."

Ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ilé ìwé, Tíṣà gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ wá. Ó gbé e sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ kan tí eruku bò dúró níwájú ilé. Ọkùnrin méjì sọ̀kalẹ̀, wọn ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ọ̀kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo fi ọwọ́ di ẹnu mi. Tíṣà fi bírò sílẹ̀. Yèyé kò gbójú sókè títí wọ́n fi rán ojú aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn dé òpin, wọ́n gé òwú.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Ẹ káàárọ̀. Ta lẹ ń wá?"

"Ẹni tó kọ eré yẹn."

"Ó wà nínú ulé. Èmi ni ìyá rẹ̀ àgbà. Kí lẹ fẹ́ bá a sọ?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo rò pé wọn kò retí kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo wà nílé. Ẹni tó ń ya fídíò ní, "A fẹ́ mọ ìdí tó fi pa Oyèṣọlá."

"Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n," ni Yèyé wí. "Fọlákẹ́, jáde wá. Wọ́n ń bi ọ́ ní ìbéèrè."

N kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ rí, láti fèrèsé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yèyé dìde, wọ́n fa máṣíìnì sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè kọjá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti múra ìdáhùn kan sílẹ̀ láti Èkó, lórí bí ìtàn ṣe gbọ́dọ̀ yí padà kó lè bá ìgbà mu. N kò rí i sọ.

Mo ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo lè kọ̀wé. Mo rò pé bí mo bá pa á, wọn ò ní gbàgbé mi."

Ẹni tó ń ya fídíò rọra sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀. Èkejì ní, "Ṣé ẹ kò ní jí i dìde?" Mo ní rárá, a ti ya gbogbo eré náà tán. Ó mi orí, ó wo ilẹ̀. Mo wo Tíṣà, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Òun náà mi orí.

Yèyé ní, "Ìdáhùn yẹn kò dáa. Àmọ́ òótọ́ ni." Wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn àlejò. Wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n bá ọkọ̀ wọn lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn òǹwòran ti rí eré mìíràn bínú sí. Yèyé kò wo ìyókù Òkè Ìkùukùu. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni àdúgbò ti lọ ń wò ó parí. N kò mọ̀ bóyá Yèyé dárí jì mí. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní, "Nínú ìwé tèmi, kò kú."

Mo padà sí Èkó, ṣùgbọ́n n kò lè kọ nǹkan kan mọ́. Bí mo bá kọ ìlà kan, mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ sí i. Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí èmi àti Yèyé sọ̀rọ̀, nígbà ọyẹ́, ikọ́ ti ń gé ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n béèrè bóyá mo ti ń kọ̀wé. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, kí ẹ̀rù máa bà ọ́. Ṣáà wá ẹni tí yóò sọ òótọ́ fún ọ." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà nínú ọkọ̀ ní Òmù-Àrán nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè pé wọ́n ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò tètè padà. Mo kọ ogójì ojú ewé, ìtàn tuntun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. N kò mọ ẹni tí n óò fún. Níkẹyìn mo kọjá sí òdìkejì títì, mo kó o fún Tíṣà Bámidélé. Ó gbà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi retí.

Ó wá lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí yíǹkì pupa láti ọ̀nà jínjìn.

"Apá ìbẹ̀rẹ̀ dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n láti ojú ewé kọkànlá, o ń purọ́ fún wa."

Mo bi í pé ibo gan-an. Ó fa àga, ó jókòó, ó fi ìka sábẹ́ ìlà kìíní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn mí.